Àpò Ìlú àti Ẹni tí Ó Ni Ín: Ìtàn Owó Ìjọba Ìbílẹ̀ láti Ìgbà Ibodè

Àwọn baba wa a máa wí pé bí onígbá bá ti pe igbá rẹ̀ ni a ń bá a pè é. Bí ó bá fi kó pàǹtí, ayé a bá a fi kó ilẹ̀. Òwe yìí ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkígbà tí mo bá gba iwájú ọgbà ìjọba ìbílẹ̀ kan kọjá, tí mo sì rí kòtò ńlá ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ gan-an, tí àwọn ará ìlú ń rìn yí i ká láìwí nǹkan kan. Kì í ṣe pé wọn kò lẹ́nu. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kan náà, bí alájọ bá gbàgbé láti fi ààmì ọjọ́ kan ṣoṣo sí káàdì wọn, wọn a pariwo títí ilé yóò fi gbọ́, títí ọ̀nà yóò fi gbọ́. Kí ni ó dé tí ẹni tí ó ń bèèrè owó kékeré lọ́wọ́ alájọ kò fi lè bèèrè owó ńlá lọ́wọ́ ìjọba ìlú rẹ̀?

Àwọn kan a dáhùn pé ìbẹ̀rù ni. Àwọn mìíràn a ní àìmọ̀wé ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìtàn kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Ìgbà kan wà tí àwọn ènìyàn wa bèèrè, tí wọ́n sì bèèrè kíkankíkan, nígbà tí ìbẹ̀rù pọ̀ ju ti òní lọ tí ìwé sì kéré ju ti òní lọ. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tí ó mọ̀ pé òun dá owó ni ó máa ń bèèrè owó, àti pé láti ọjọ́ tí àpò ìlú ti ń kún láti ibòmíràn ni ojú ará ìlú ti kúrò lára rẹ̀. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ jùlọ, nítorí pé níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere jù. N ó sì ya ọ̀dọ̀ àwọn ará Ìbàdàn àti àwọn mìíràn bí ọ̀nà bá ti gbé wa lọ.

1. Owó Ibodè

Kí òyìnbó tó dé, ìlú ní bùkátà. Odi ń bẹ láti mọ, ọ̀nà oko àti ọ̀nà odò ń bẹ láti ro, ogun ń bẹ láti jà, ààfin sì ń bẹ láti tún ṣe. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni a ń gbà gbọ́ bùkátà wọ̀nyí. Èkíní ni iṣẹ́ ọwọ́: àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní ipa tirẹ̀ láti ṣe, ẹni tí kò bá sì jáde, ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ ohun tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Èkejì ni owó ibodè. Oníbodè a jókòó sí ẹnu odi, ẹni tí ó bá gbé ẹrù kọjá a sì san iye tí ó bá tọ́ sí ẹrù rẹ̀.

Kí á má ṣe tan ara wa pé ìgbà náà dára jù. Kò sí ìwé, kò sí ìṣirò gbangba. Nínú owó tí oníbodè bá gbà, òun mú, ìjòyè tí ó fi í síbẹ̀ mú, ìyókù ni ó ń dé ààfin. Ṣùgbọ́n ìwà kan wà nínú ọ̀nà yìí tí a kò gbọdọ̀ fojú fò. Ẹni tí ó san owó rí ẹni tí ó gbà á. Ó mọ ilé rẹ̀, ó mọ ìdílé rẹ̀, ó sì mọ ìjòyè tí ó ń sìn. Bí odi bá wó tí a kò tún un mọ, kò sí ẹni tí ó ń ṣiyèméjì nípa ilé tí ó yẹ kí a lọ láti béèrè.

Nígbà tí ìjọba òyìnbó fọwọ́ sí òmìnira Ẹ̀gbá nínú àdéhùn ọdún 1893, tí a sì dá Ìjọba Ìṣọ̀kan Ẹ̀gbá sílẹ̀ ní 1898, owó ibodè yìí kan náà ni ó di òpó ìjọba tuntun náà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé akọ̀wé ń bẹ báyìí tí ń kọ ọ́ sílẹ̀. Adégbóyèga Ẹ̀dun ni ó di Akọ̀wé Ìjọba, lábẹ́ Aláké Gbádébọ̀ Kìíní. Láti inú owó ibodè ni a ti ń san owó àwọn akọ̀wé àti àwọn ọlọ́pàá, láti inú rẹ̀ ni a ti ń la ọ̀nà. Ìgbà ìjọba náà sì ni iṣẹ́ omi ẹ̀rọ Abẹ́òkúta bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rí ni èyí pé àwọn ènìyàn wa lè fi owó ara wọn ṣe ìjọba ara wọn, kí ẹnikẹ́ni tó wá kọ́ wọn ní owó orí.

Síbẹ̀ owó ibodè ní àléébù tirẹ̀. Orí oníṣòwò nìkan ni ó ń bọ́ sí. Bí ọjà bá kú, àpò ìlú a gbẹ. Àwọn oníṣòwò Èkó kò sì fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ojú irin tí ó ti Èkó gba Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn ní 1901 sì mú kí ẹrù máa gba ibi tí oníbodè kò lè na ọwọ́ dé kọjá. Nígbà tí rògbòdìyàn Ìjẹmọ̀ ṣẹlẹ̀ ní 1914, tí òmìnira Ẹ̀gbá sì dópin nínú ọdún kan náà, ọjọ́ owó ibodè ti kù díẹ̀.

2. Owó Orí, àti Ìwé Méjì

Ìgbàgbọ́ Lugard, ẹni tí ó mú ìlànà rẹ̀ wá láti Òkè Ọya, ni pé ọba kò lè jọba lábẹ́ òyìnbó láìní àpò ìṣúra tirẹ̀, àti pé àpò náà kò lè kún bí kò ṣe pé kí olúkúlùkù san owó orí. Ní 1916 ni a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn. Kí ọdún náà tó parí, Ìsẹ́yìn àti Òkèhò ti dìde ogun. Ní 1918 ni ó kan Ẹ̀gbá: ṣílè márùn-ún fún ọkùnrin, ṣílè méjì àti sísì fún obìnrin. Ohun tí a sọ fún wọn ni pé bí owó orí bá ti dé, owó ibodè yóò lọ, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí a fi ipá mú ènìyàn ṣe yóò sì lọ. Owó ibodè lọ lóòótọ́. Iṣẹ́ ipá kò lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni Ogun Àdùbí bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n hú ojú irin, wọ́n pa Ọṣilẹ̀ Òkè-Ọnà, a sì ní láti kó àwọn ọmọ ogun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ogun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà bọ̀ wá láti paná rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kú. Owó orí dúró.

Èmi rò pé a kò tíì ronú tó lórí ohun tí ó yí padà ní ọjọ́ wọ̀nyẹn. A máa ń sọ pé àwọn ènìyàn kò fẹ́ san owó. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń san owó tipẹ́. Ohun tí ó yí padà ni pé owó ibodè ń dúró de ènìyàn ní ẹnu odi, nígbà tí owó orí ń wọ ilé tọ ènìyàn lọ, tí ó ń ka orí. Ìwé sì wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Nínú ọ̀rọ̀ owó ìlú, ìwé méjì ni ó yẹ kí ó wà. Ọ̀kan ni ìwé ẹ̀rí tí ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ó san owó. Èkejì ni ìwé ìṣirò tí ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń ná an. Láti 1918 lọ, ìjọba ń béèrè ìwé kìíní lọ́wọ́ ará ìlú ní títì, ní ọjà, àti nínú ilé. Ẹni tí kò bá rí i fi hàn a sùn ní àtìmọ́lé. Ìwé kejì ń bẹ lóòótọ́, nítorí pé ọ̀fíìsì Ajẹ́lẹ̀ ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni owó kọ́ ni a ń fi í hàn. Òkè ni ìṣirò ń lọ, ìsàlẹ̀ ni ìbéèrè ń sọ̀ kalẹ̀ sí. Ìtàn owó ìjọba ìbílẹ̀ ilẹ̀ wa láti ọjọ́ náà kò ju ìtàn bí a ti ń wá ìwé kejì yìí kiri lọ.

3. Àwọn Obìnrin tí Ó Béèrè Ìwé Owó

Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta ni ìbéèrè náà ti kọ́kọ́ dún tí ayé gbọ́. Ẹ̀dùn ọkàn wọn pọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, obìnrin kò san owó orí nígbà náà. Ní Ẹ̀gbá, ọmọbìnrin ọdún 15 ti wọ inú ìwé agbowó-orí, nígbà tí arákùnrin rẹ̀ kò ní san títí yóò fi pé 16. Wọ́n ń san owó, wọn kò sì ní ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ tí ń pín owó. Nígbà ogun Hitler, a tún ń gba ìrẹsì mọ́ wọn lọ́wọ́ ní ọjà. Ní 1946 ni Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ẹgbẹ́ tí ó ti jẹ́ ti àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé di Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, tí ìyá ọlọ́jà àti ìyá olùkọ́ jọ wà nínú rẹ̀.

Gbogbo wa ni a mọ apá kan ìtàn náà. A mọ̀ pé ní ìparí ọdún 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin jókòó sí iwájú ààfin mọ́jú. A mọ̀ pé wọ́n kọrin. A mọ̀ pé Aláké Adémọ́lá Kejì fi orí oyè sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1949, tí kò sì padà títí di ìparí 1950. Èyí ni a máa ń sọ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, ó sì dùn ún sọ. Ṣùgbọ́n apá kan wà tí a kì í sọ, nítorí pé kò ní orin nínú. Kí ọ̀rọ̀ tó di ariwo, ẹgbẹ́ yìí háyà ẹni tí ó mọ ìṣirò owó láti ṣàyẹ̀wò ìwé owó Aláṣẹ Ìbílẹ̀. Wọn kò dúró lórí pé kí a mú owó orí obìnrin kúrò nìkan. Wọ́n kọ àbá sílẹ̀: kí a bu owó orí lé àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó tí ń ṣòwò ní ìlú, kí a ná owó sórí ọkọ̀, ìmọ́tótó àti ẹ̀kọ́, kí a mú àṣẹ kúrò lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo, kí a sì fi í fún ìgbìmọ̀ tí obìnrin wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí ọ̀rọ̀ yìí ti jinlẹ̀ tó. Púpọ̀ nínú àwọn obìnrin wọ̀nyí kò lè ka ojú ìwé ìṣirò kan. Síbẹ̀ wọ́n mọ̀ pé ìwé kejì ń bẹ, pé ẹ̀tọ́ wọn ni láti rí i, àti pé bí àwọn kò bá lè kà á, àwọn lè san owó fún ẹni tí yóò kà á fún wọn. Ibo ni wọ́n ti kọ́ ọ? Kì í ṣe ní ilé-ìwé. Inú àjọ àti èésú ni wọ́n ti kọ́ ọ, níbi tí ẹni tí ó dá owó kì í ti í tijú láti béèrè. A dá owó orí wọn dúró. Nígbà tí a sì tún ìgbìmọ̀ Ẹ̀gbá tò ní 1949, obìnrin mẹ́rin ni ó jókòó nínú rẹ̀.

4. Ìgbà Àwọn Kánsù

Òfin Ìjọba Ìbílẹ̀ ti Ìwọ̀-Oòrùn, tí a ṣe ní 1952, fi kánsù tí a dìbò yàn rọ́pò Aláṣẹ Ìbílẹ̀. Láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti wo àwòkọ́ṣe rẹ̀. Ìpele mẹ́ta ni ó là sílẹ̀, láti kánsù ẹkùn títí dé kánsù ìlú kékeré. Owó wọn ń wá láti ara owó tí a bù lé ará ìlú, owó ìsọ̀ ọjà, owó ibùdókọ̀, owó ìwé àṣẹ, àti ìrànlọ́wọ́ tí ìjọba Ìbàdàn ń fún wọn. Lára rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀nà, tí wọ́n ń gbá ilẹ̀ ọjà, tí wọ́n sì ń ṣe ìtọ́jú ilé ìgbẹ̀bí àti ilé-ìwé.

Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ ń múra fún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní January 1955, ó bu owó ẹ̀kọ́ àti ìlera lé àwọn ènìyàn lórí. Inú bí wọn. Nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ti 1954, ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ pàdánù ní Ìwọ̀-Oòrùn tí ó ti ń ṣèjọba. Àwọn kan a ka èyí sí àìmoore. Èmi kà á sí àmì ìlera: ìjọba béèrè owó lójú gbangba, ará ìlú sì dáhùn lójú gbangba. Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, nígbà tí wọ́n ti rí àwọn ọmọ wọn nínú aṣọ ilé-ìwé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gbàgbé ìbínú náà.

Kánsù kò bọ́ lọ́wọ́ ìwà ìbàjẹ́. Ní 1955 ni a pe E. W. J. Nicholson, akọ̀wé àgbà ìlú Abingdon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti wádìí Kánsù Ìbàdàn, tí Adégòkè Adélabú jẹ́ alága rẹ̀. Ìjábọ̀ rẹ̀, tí ó jáde ní 1956, sọ ti àbẹ̀tẹ́lẹ̀ àti àìmọṣẹ́. Adélabú sì fi ipò sílẹ̀. Àwọn aláìfẹ́ òṣèlú kan náà ni ó pè é, a kò sì lè sọ pé ọkàn wọn mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n ìwé kejì ṣí sílẹ̀ ní ojú ayé fún ìgbà díẹ̀.

Nígbà tí mo ń kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo rí i pé ìwé tí kánsù fi ń béèrè owó lọ́wọ́ onílé mi kì í dá wá. Ìwé mìíràn a bá a rìn, tí ó ń ṣàlàyé iye tí ó lọ sí ilé-ìwé, iye tí ó lọ sí ọ̀nà, àti iye tí ó lọ sí ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Onílé mi a kà á, a sì bú kánsù títí oúnjẹ alẹ́ yóò fi tutù. Mo wá mọ̀ nígbà náà pé nígbà tí a ń wo àwòkọ́ṣe ní 1952, a mú ìwé kìíní wálé, a gbàgbé èkejì sí etí òkun.

Láti 1962, nígbà tí ìjà òṣèlú bẹ́ sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, kánsù tí a dìbò yàn ń di èyí tí a túká, ìgbìmọ̀ adelé sì ń gba ipò wọn. Owó orí kò túká ní tirẹ̀. Ogun abẹ́lé mú ìnira wá, ọ̀nà oko bàjẹ́, agbowó-orí àti wolé-wolé sì ń ṣe bí ọ̀tá ní ìletò. Ní ìparí 1968 ni Àgbẹ́kọ̀yà bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n béèrè yé ọmọdé: kí owó orí di ọgbọ̀n ṣílè, kí àwọn òṣìṣẹ́ kánsù kúrò ní oko wọn, kí a tún ọ̀nà ṣe. Ìgbìmọ̀ ìwádìí Adájọ́ Ayọ̀ọlá jókòó, ìjà kò sì parí. Ẹ̀mí sọnù, a fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi ní 1969, kí owó orí tó wálẹ̀ sí £2 nínú oṣù kẹwàá ọdún náà.

5. Àpò tí Kò Sí Nílé

Ẹ̀kọ́ méjì ni ìjọba lè kọ́ lára Àgbẹ́kọ̀yà. Ó lè kọ́ pé ẹni tí a bá gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, kí a jíhìn fún un. Ó sì lè kọ́ pé bí a kò bá gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sí ẹni tí a ó jíhìn fún. Owó epo dé ní àkókò náà gan-an, lójú tèmi, ẹ̀kọ́ kejì ni a sì kọ́. Àtúntò ọdún 1976 sọ ìjọba ìbílẹ̀ di irú kan náà jákèjádò Nàìjíríà, ó sì ṣètò pé kí owó máa ti òkè wá fún un. Òfin 1981 fún un ní ìdá 10 nínú 100 owó àpò àpapọ̀. Ó di 15 ní 1990, ó di 20 ní 1992. Lónìí ó jẹ́ 20.60.

Ohun rere ni lójú. Ṣùgbọ́n agbowó-orí tí kò wá mọ́ mú ìbéèrè lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Owó náà pàápàá kò dé ilé lódidi. Ní àwọn ọdún 1990 sí iwájú, a ń yọ owó oṣù olùkọ́ kúrò nínú rẹ̀ kí ó tó gbéra, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan fi ń gba òdo. Òfin ìpìlẹ̀ 1999, ní ẹsẹ̀ 162, dá àpò àjọní sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nínú èyí tí owó gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ ń wọ̀. Ọwọ́ gómìnà sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Òfin kan náà sọ iṣẹ́ tí ìjọba ìbílẹ̀ yóò ṣe: ọjà, ibùdókọ̀, ibi ìsìnkú, ọ̀nà, ilẹ̀ gbígbá, àti ọwọ́ nínú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ wà nílé, owó wà lájò.

Nígbà tí Èkó dá ìjọba ìbílẹ̀ 37 kún tirẹ̀, tí ìjọba àpapọ̀ sì dí owó rẹ̀ mọ́lẹ̀, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ ní December 2004 pé Ààrẹ kò ní àṣẹ láti dí i. Ní July 11, 2024, ilé ẹjọ́ kan náà tún dájọ́ pé gómìnà kò ní àṣẹ láti di owó ìjọba ìbílẹ̀ 774 mú, àti pé kí a san án fún wọn tààrà. Inú mi dùn sí ìdájọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣàkíyèsí ẹni tí ó pe ẹjọ́ méjèèjì: ìpínlẹ̀ pe ìjọba àpapọ̀, ìjọba àpapọ̀ pe ìpínlẹ̀. Onígbá kò sí ní kóòtù. Adájọ́ lè mú kí owó dé ẹnu ọ̀nà ìjọba ìbílẹ̀. Kò lè mú kí ará ìlú dé ibẹ̀.

Èmi kò sọ pé kí a dá owó orí 1918 padà sórí tálákà. Ìyá ọlọ́jà wa kò ṣíwọ́ owó sísan; ojoojúmọ́ ni ó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lórí ìsọ̀ rẹ̀. Ìwé kìíní wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní. Èkejì ni kò sí. Bí ó bá sì wà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹgbẹ́ tiwa yìí. Àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá, tí a ti fi ṣe ìtúpalẹ̀ ewì àti ìtàn, kí ni ó dé tí a kò tíì fi í kọ ìwé owó ìlú kan kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọjà? Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ lè fi ètò ìnáwó ìjọba ìbílẹ̀ yín kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kí ikán tó jẹ àwọn ìwé kánsù àtijọ́ tán, ẹ lọ kà wọ́n, kí ẹ sì kọ ìtàn ìlú yín láti inú wọn.

Àwọn obìnrin Abẹ́òkúta tí kò mọ̀wé wá ẹni tí ó mọ̀wé láti ka ìwé owó fún wọn. Ó ku ọdún mélòó kan kí ọgọ́rin ọdún tó pé nígbà náà tí a bá kà á láti ọdún 1949 tí ìgbìmọ̀ wọn yí padà, àwọn ọmọ-ọmọ wọn sì ti kún yunifásítì. Bí a bá tún ń wá ẹni tí yóò ka ìwé náà fún ìlú, ibo ni ó yẹ kí a wò bí kò ṣe ọ̀dọ̀ wa?